Dòdò Ìkirè Tí Wọ́n Ń Dín ní Àpòmù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń korò tó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ ra dòdò Ìkirè ní Àpòmù, kí ẹ gbé e wá jẹ níwájú mi. Ìkirè ló ni dòdò. Orúkọ ìlú wa ló ń jẹ́. Àpòmù ní oko, ó ní ọjà tó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa, n kò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èrò ọkọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, kó lọ ra dòdò Ìkirè lọ́wọ́ ará Àpòmù, kó sì máa lá ìka, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi bó ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, torí ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ilé onísìmẹ́ńtì yìí, ẹ rò pé bó ṣe wà nìyí láti ayé Ánábì Ádámọ̀. Ibi tí Ràṣídì ọmọ mi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí yẹn, ìdí ààrò wa ni tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni, igi ìyeyè ńlá kan ló ṣíji bò ó. A tẹ́ àwọn ààrò yí ká bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó yí àwo oúnjẹ ká, agbada kọ̀ọ̀kan lórí ààrò kọ̀ọ̀kan, àwa obìnrin agboolé sì kọjú síra wa. Kò sí ẹni tó kẹ́yìn sí ẹnì kan. Odó wà láàárín. Àmù omi wà lẹ́nu àbáwọlé gan-an, débi pé bí o bá fẹ́ wọ ìdí ààrò, àfi kí o yà fún un, ọwọ́ rẹ á sì ti kan omi kí o tó rántí pé ó yẹ kí o fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó wàásù ìmọ́tótó fún wa rí.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìró odó ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni mẹ́ta á dojú kọ odó kan, ọmọ odó kan á máa lọ sókè bí èkejì ti ń bọ̀ wálẹ̀, wọn kì í sì í kọlu ara wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń gún kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń ṣà lọ́jà tí ẹ ń ní ó rẹwà. Èyí tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ará ìlú mìíràn máa dà nù, òun ni tiwa. A ó bó o, a ó gún un pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, a ó fi iyọ̀ sí i, a ó ṣù ú, a ó sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú minimini. Ewé eéran la fi ń dì í nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rá. Bọ̀lẹ́kájà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn á dúró, àwọn èrò á na ọwọ́ síta, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù lọ nínú wa ni yóò tà.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí n kò rí níbòmíràn. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè, kó ní, "Mo ti bù ú o." Gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "A rí i." Torí iyọ̀ kì í hàn lójú, bó bá ti wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó parí nìyẹn. Mo lè máa fẹ́ iná lọ́wọ́, kí ọmọ máa sunkún lẹ́yìn mi, síbẹ̀ ẹnu mi á ti dáhùn pé a rí i, ojú mi á sì ti rí i lóòótọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ò purọ́.

Ọdún Iléyá kan, àgbò tí Bàbá Ràṣídì ọkọ mi rà tú okùn. Ibi tí a da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ló kọ́kọ́ dé, nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ki ẹnu bọ ọpọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún. Kí a tó mọ̀, ó ti dùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ le bí ìlù. Gbogbo wa fi agbada sílẹ̀, a yí i ká, ẹni kan ń fi epo pa á nínú, ẹni kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe sùúrù, kó má kú títí àwọn ọkùnrin yóò fi kírun dé. Ó ṣe sùúrù. Bí mo bá rántí, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí ààrò yẹn ni wọ́n mú ìyàwó mi bá mi. Nígbà tí mo sọ pé ìyàwó mi, orogún mi ni mò ń wí. Ọmọ Àpòmù ni, Ràfátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi orúkọ pè é rí. Ìyàwó ni mò ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé, Ìyàwó náà ni mò ń pè é dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín tó ká lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ. Aláṣọ ni ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dín nǹkan nílé wọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó ti agbada, dòdò rẹ̀ jóná, ó sì ta epo sí mi lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ṣebí arẹwà lọkọ wa fẹ́, kí wọ́n máa fi ẹwà rẹ̀ jẹun.

Àárín èmi àti Ìyá Ṣẹ̀kínátù, ìyàwó àbúrò ọkọ wa, la fi Ìyàwó sí. Kò sẹ́ni tó fẹnu kọ́ ọ. Ó ń wo ọwọ́ mi lápá ọ̀tún, ó ń wo ọwọ́ Ìyá Ṣẹ̀kínátù lápá òsì. Bí iṣẹ́ bá ń yá wa, ojú á tì í kí agbada tirẹ̀ nìkan máa dákẹ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kí ọdún tó yípo, ọwọ́ rẹ̀ ti yá ju tèmi lọ. Bàbá Ràṣídì á mú dòdò kan sẹ́nu, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní, "Ta ló dín eléyìí?" Bí ẹnì kan bá ti dáhùn pé Ìyàwó ni, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni n ó kọ́kọ́ jí, èmi ni n ó kọ́kọ́ dáná, kí ó má baà ṣáájú mi. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe sọ ara wa di òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ a ò fẹ́ràn ara wa.

Ọdún tí kòkó lówó lórí, Bàbá Ràṣídì kọ́ ilé ìdáná fún wa. Bíríkì ni, páànù ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ìyàwó olówó máa jókòó síta kí gbogbo èrò ọ̀nà Ifẹ̀ máa wo èéfín lójú rẹ̀. Wọ́n sì mọ ògiri sí àárín, apá kan tèmi, apá kan ti Ìyàwó, kí ìjà má baà máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀mí rere ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn obìnrin àdúgbò wá bá wa yọ̀, èmi náà sì wọ aṣọ tuntun wọ ibẹ̀ lọ dáná lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ náà, ògiri la kọjú sí. Odó wà níta lọ́hùn-ún, omi wà lẹ́yìn ilé. Bí ọwọ́ mi bá dọ̀tí, mo ń nù ún mọ́ ìró mi, èmi tí n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí mò ń bá yára, torí n kò rí ẹnì kan. Nígbà tí ọdún ìtúnu àwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, a gbé ọpọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún sí ẹnu ọ̀nà, kí kálukú máa bù lọ sí apá tirẹ̀. Mo bu iyọ̀ sí i. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Mo ti bù ú o." Ògiri ló gbọ́. Ìyàwó náà jáde nígbà tí mo wọlé, ó bu tirẹ̀ sí i, bóyá òun náà pariwo, n kò mọ̀. Ìgbà tí awakọ̀ kan máa padà wá bá wa, ọ̀kan péré ló jẹ nínú èyí tó rà.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé òkun lẹ bu dín ni?"

Gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọdún la kó dà nù. Mo lọ bá Ìyàwó lápá tirẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ nígbà tí mo pariwo ni?"

"N ò gbọ́, ìyáálé mi."

"Etí rẹ ló di."

"Ògiri ni, ìyáálé mi. Ògiri yìí ni."

Mo ní kó má bú ilé tí ọkọ wa kọ́. Láti ìgbà náà, oníkálukú ń gún tirẹ̀, oníkálukú ń bu iyọ̀ tirẹ̀, oníkálukú ń ti ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya àwọn ààrò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí lẹ fẹ́ kí ọbẹ̀ ṣe? Wọ́n ti tú àwọn ààrò ìta ká, Ìyá Ṣẹ̀kínátù àti àwọn obìnrin yòókù ò rí ibi jókòó sí mọ́, wọ́n gbé igbá lọ sẹ́bàá títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé igi ìyeyè. Nígbà tí Bàbá Ràṣídì kú, tí Ìyàwó ṣe opó tán, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. N kò sin ín dé títì.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ máa ń sọ pé ọ̀lẹ lẹni kan, akíkanjú lẹni kan, bí ẹni pé inú oyún la ti ń gbé e wá. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa Bàṣírátù, ọmọ Ràṣídì. Nínú gbogbo àwọn ọmọ ọmọ mi, òun nìkan ló ní òun fẹ́ kọ́ dòdò. Àwọn yòókù wà ní Èkó, wọ́n ní epo máa ń rùn mọ́ aṣọ. Bí Bàṣírátù ò bá gbà á lọ́wọ́ mi, iná ilé yìí kú nìyẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín, ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọmọ náà nínú ilé ìdáná. Ó kọjú sí ògiri, ó gbé fóònù ti ògiri, ó ki nǹkan bọ etí, dòdò ń jóná lábẹ́ imú rẹ̀. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ máa bínú, Ìyá àgbà."

Ó wá ṣe, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun Ìyàwó. Ràṣídì ní kí Bàṣírátù lọ kí i, torí ìyá tirẹ̀ náà ni. Ó lọ. Kò padà. Ó ní òun ń bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀, òun ń bọ̀. Oṣù wọlé, oṣù jáde. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi kan dé láti ọjà Àpòmù, ó na ọ̀rá kan sí mi, ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò. Bàṣírátù yín ló dín in."

Mo fi ẹ̀gàn mú un sẹ́nu. Iyọ̀ rẹ̀ pé, ata rẹ̀ pé, kò sí èyí tó jóná nínú wọn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù láti lọ mú ọmọ mi. Nígbà tí mo dé iwájú ilé bàbá Ìyàwó, ẹsẹ̀ mi dúró. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó, kò sí ògiri kankan. Àwọn ààrò wà yí ká. Odó wà láàárín. Dúrọ́ọ̀mù omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́nu àbáwọlé gan-an. Àwọn ọmọbìnrin wẹ́wẹ́ kọjú síra wọn, fóònù kan ṣoṣo ló ń kọrin fún gbogbo wọn láti inú abọ́ kan tí wọ́n so mọ́ òpó. Bàṣírátù wà láàárín wọn, ó fi aṣọ di orí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ nínú agbada, n kò rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mo ti bù ú o."

"A rí i," ni gbogbo wọn wí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ènìyàn bá jí ewúrẹ́ mi, mo lè ké sí ọlọ́pàá. Ta ni n ó ké sí pé wọ́n jí àgbàlá mi? Ìyàwó ti rí mi, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jìnnà sí wa o."

"Èmi kọ́ ni mo jìnnà. Mo wá mú ọmọ mi."

"Ọmọ wa ni. Ẹ jókòó ná, kí wọ́n fún yín lómi."

"Omi wà ní Ìkirè. Ta ló kọ́ ọ láti tẹ́ ààrò báyìí?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Níbo ni mo tún ti kọ́ṣẹ́?"

Mo jókòó. Ọpọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà nítòsí, ọ̀bẹ wà lórí rẹ̀. Bí mo ti ń dúró kí Bàṣírátù kó ẹrù rẹ̀, ni mo bojú wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi tí mo ti ní nílé pé orúnkún ń dùn mí, kí wọ́n má fi iṣẹ́ lọ̀ mí mọ́. Ìyàwó kàn fi ọ̀pá rẹ̀ ti ọpọ́n náà sún mọ́ mi.

Bàṣírátù wá kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi. Nílé, ògiri ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, bí mo bá fẹ́ ṣe ọ̀lẹ, gbogbo wọn ni mò ń rí."

"Ṣé wọ́n ń nà ọ́ ni?"

"Rárá o. Wọ́n ń dúró dè mí ni."

Èmi nìkan ni mo padà sí Ìkirè. Mo wọ ilé ìdáná, mo jókòó sí àyè Bàṣírátù, mo kọjú sí ibi tó ń kọjú sí. Kò pẹ́ rárá tí oorun fi ń kùn mí, ní ọ̀sán gangan. Mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi pe bíríkìlà.

Ràṣídì sáré dé. Ó ní, "Ìyá, ilé tí Bàbá kọ́ lẹ fẹ́ wó? Kí ni ẹbí máa sọ?"

"Bàbá rẹ ló kọ́ ọ, èmi ni mo jẹ èéfín rẹ̀. Ọmọ rẹ ni mo fẹ́ ní Ìkirè, n kò fẹ́ ògiri."

Wọ́n wó o. Òpó àti páànù nìkan ni wọ́n ṣẹ́ kù, bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Èmi fúnra mi ló dúró tì wọ́n tí wọ́n fi tẹ́ ààrò yí ká, tí wọ́n sì gbé omi wá sí ẹnu àbáwọlé. Nígbà tí Bàṣírátù gbọ́, ó kọ́kọ́ wá wò ó, ó yí ààrò kan padà díẹ̀ kí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ lè rí títì. Lọ́jọ́ kejì ó kó ẹrù rẹ̀ dé. Méjì nínú àwọn ọmọ Àpòmù tẹ̀lé e.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyàwó fi wá. Ó fi ọ̀pá rìn wọlé, ó wẹ ọwọ́, ó wo ibẹ̀ yí ká. Mo rí nǹkan kan lójú rẹ̀ tí mo mọ̀ ju orúkọ mi lọ.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ọmọ yẹn ti kó méjì lọ́wọ́ mi o."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn tó mọ dòdò ṣù jù lọ."

"Mo rí i."

Owú ni. Ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe jẹ mí. Inú mi dùn débi pé mo dìde bu omi fún un fúnra mi. Ó mu ún tán, ó ní níbo ni kí òun jókòó sí. Mo ní kó lọ gbé àpótí tirẹ̀ wá láti Àpòmù, n kò ní bá a pín tèmi.

Ó gbé e wá. Òun ni èyí tó wà lápá òsì mi yẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má jókòó lé e, torí Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń dé. Bó bá sì ti pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Àpòmù tún ti ń bí mi nínú nìyẹn.